Alárinà Tí Kì Í Yẹ̀ba

Bàbá Kékeré ló sọ èròjà náà lórúkọ. Nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ rẹ̀ gùn débi pé ẹni tó bá fẹ́ pè é tán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mumi, nọ́ńbà sì fọ́n káàkiri inú rẹ̀ bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú láàbù, Alárinà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí iṣẹ́ alárinà gan-an ló ń ṣe: ó máa ń mú nǹkan méjì tí kò mọ ara wọn rí, á sì so wọ́n pọ̀. Ọwọ́ méjì ló ní. Ọwọ́ kan di aró kan mú, aró pupa tó máa ń tàn yòò bí wọ́n bá tan irú iná kan sí i nínú òkùnkùn. Ọwọ́ kejì ṣófo, ó ń wá purotéènì tí yóò dì mú. Àwọn àgbà ní bí a bá mojú ìyàwó tán, alárinà a yẹ̀ba. Ti Bàbá Kékeré kì í yẹ̀ba ní tirẹ̀. Bó bá ti so àwọn méjèèjì pọ̀, àárín wọn ló ń gbé, kò sì sí ẹni tó lè lé e níbẹ̀.

Kì í ṣe pé èròjà tí ń so nǹkan mọ́ purotéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Àwọn kan ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Purotéènì kan ṣoṣo, tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i láéláé, lè na ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí àwọn èròjà àtijọ́ yẹn bá sì kọ́kọ́ pàdé ni wọ́n ń gbá mú. Wọ́n á lẹ aró mọ́ ọn lórí, lọ́rùn, lẹ́yìn, títí kan ẹnu tó fi ń ṣiṣẹ́. Purotéènì tí wọ́n bá ṣe báyìí fún kò ní lè ṣe ohun tó bá wá sáyé mọ́. Bàbá Kékeré fi ìgbà ọ̀dọ́ àti ìgbà àgbà rẹ̀ wá èròjà tí yóò kọjá lára gbogbo ọwọ́ tí wọ́n bá nà sí i, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, tí yóò sì lọ di ibì kan ṣoṣo mú, ibi tí imí-ọjọ́ wà lára purotéènì náà. Ó wá a títí, ó sì rí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ni Bàbá Kékeré àti ìyàwó rẹ̀ mú un sọ́dọ̀, Bàbá Kékeré ló sì fún un lórúkọ yìí, torí pé ọmọ náà ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tutù. Ó dàgbà tán, ó kọ́ iṣẹ́ kẹ́míkà lẹ́yìn Bàbá Kékeré, ó di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Níwájú ènìyàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. Bó bá ku àwọn méjì, Bàbá Kékeré náà ni.

Ojú Bàbá Kékeré ń lọ. Àrùn tó mú un ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ti òsì ti kú pátápátá, ti ọ̀tún sì ku bíńtín láàárín, bí ẹni tó ń yọjú wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ojú kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà lè lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá wù ú. Láti ìgbà náà ni Bàbá Kékeré ti dúró sílé, torí pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti igun tábìlì ti fi gbogbo ara rẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Kíákíá ń bá a gé èékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ìka kẹta ló wà nígbà tí àgbà náà sọ̀rọ̀.

"Mo ti rí Alárinà nínú nọ́ńbà," ló wí. "Mo rí i nínú ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan. Mi ò tíì fojú mi rí i nínú ohun tó wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó mi."

Kíákíá ní yóò rí i. Ó sọ ọ́ kíákíá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ẹran mọ́ èékánná.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Alárinà tó kù ní gbogbo láàbù kò ju ìwọ̀nba tó wà nísàlẹ̀ ìgò kékeré kan lọ, Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é kẹ́yìn, kó tó di pé ó jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ojú ń dun òun. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́ nígbà náà. Ìyá Kékeré, ìyàwó rẹ̀, sì mọ̀ pé ní àkókò yẹn gan-an, ọkọ òun ti ń bu omi gbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Àwọn kan nínú láàbù ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ta ló mọ ohun tí bàbá náà wọ̀n sínú ìgò, bóyá Alárinà ni, bóyá ọmọ ìyá Alárinà ni. Kíákíá kò dá wọn lóhùn rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kò dáhùn kì í kúrò nínú etí.

Purotéènì tí wọ́n máa lò náà kò pọ̀. Ọ̀kan ni, tó máa ń rọ̀ mọ́ àwọn okùn tín-ín-tìn-tín tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn okùn tó di sẹ́ẹ̀lì ró bí igi àjà ṣe di òrùlé ró. Fíríìsà kan ló bàjẹ́ tó fi pa gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe purotéènì náà, ìgò tín-ín-rín kan péré ló sì ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú àwọn nǹkan tútù. Ìyá Yìnyín ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń wọ súwẹ́tà méjì nígbà tí oòrùn ń jó àwọn yòókù, ó sì fẹ́ràn àwọn ìgò rẹ̀ ju àwọn àna rẹ̀ lọ.

"Mo tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin," ló sọ fún Kíákíá nígbà tó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ohunkóhun ò lè ṣe é."

Kíákíá dúpẹ́, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí obìnrin náà tó pa ẹnu dé.

Ọ̀fìnkìn ń ṣe é lọ́jọ́ náà, imú rẹ̀ dí bí ẹni fi òwú sí i. Ìdérí ìgò náà le, ó fi àtàǹpàkò tì í sókè pẹ̀lú agbára, ẹ̀kán bíi mélòó kan sì ta sí etí apá kóòtù funfun rẹ̀. Ó ṣépè fún ìdérí náà lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí Bàbá Kékeré ti fi kọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti wọ láàbù: ohun tí o kò lè rí mìíràn, má lò ó tán lẹ́ẹ̀kan. Ó pín purotéènì náà sí méjì, ó dá apá kan padà sínú òtútù, ó sì da ìdajì Alárinà sí apá kejì. Ó bò ó kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

Nígbà tí àkókò tó, ó da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀pá gíláàsì kan tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ funfun kan sí. Iyẹ̀pẹ̀ náà kì í ṣe ti ilẹ̀ lásán. Hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Purotéènì tóbi ju ihò náà lọ, nítorí náà títì ló ń gbà lọ tààrà, òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde nísàlẹ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké ń yà sínú gbogbo ihò tí wọ́n bá rí, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ṣe ń yà sílé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì pẹ́ kí wọ́n tó dé. Bí Alárinà bá ti so aró mọ́ purotéènì, ohun àkọ́kọ́ tí yóò jáde nísàlẹ̀ yóò pọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde kò ní àwọ̀ kankan. Omi lásán ni ojú ń rí. Gbogbo aró náà jókòó sókè lórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń fà bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láìso mọ́ nǹkan gidi kankan.

Kíákíá wo ìgò Alárinà tó wà lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tó ti wà létí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí sì ké sókè. Ojú Bàbá Kékeré ti ń lọ nígbà tó ń ṣe é. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Alárinà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ irú èyí fún ẹni tó tọ́ ọ? Kì í ṣe pé yóò sọ fún un pé kò ní rí ohun tó fẹ́ rí nìkan. Yóò tún sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣìnà nígbà tó rò pé ó ṣì dá a lójú.

Kò bọ́ kóòtù náà. Ó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé Bàbá Kékeré, kò sì mọ̀ pé òun ṣì wọ̀ ọ́. Obìnrin tó jókòó tì í wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dìde lọ dúró sẹ́yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà. Ọkùnrin kan ṣí fèrèsé. Kíákíá rò pé ọ̀fìnkìn òun ni wọ́n ń sá fún, ó sì fi áńkáṣíìfù bo imú rẹ̀ kí ara lè tù wọ́n.

Ìyá Kékeré ló ṣílẹ̀kùn. Kó tó dá a lóhùn ìkíni, ó wo bàtà rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, ó sì bi í pé kí ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà. Kíákíá ní òun kò tẹ nǹkan kan. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá Kékeré, ó sì pa irọ́ tó ti ń tò pọ̀ láti inú bọ́ọ̀sì.

"Purotéènì yẹn ló ti bàjẹ́, Bàbá Kékeré. Òtútù ló bà á jẹ́. Alárinà ò jẹ̀bi."

Àgbà náà fi etí sí i tán. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó fa èémí wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na ọwọ́ sí i pé kó sún mọ́ òun. Ó wá ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi rí i, ó tọ ọwọ́ náà lọ sí etí apá kóòtù, ó sì gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Ìyá Kékeré yọjú láti yàrá.

"Ta ló fi Ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀?" ló bèèrè.

Kíákíá wo etí apá kóòtù náà, ó rántí ẹ̀kán tó ta sí i. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe omi kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti kú sínú èèpo, tí àwọn tó ń tọ́jú purotéènì máa ń kán sínú ìgò kí àwọn purotéènì má baà gbá ara wọn mú kí wọ́n sì dì. Àwọn tó ń tọ́jú purotéènì kì í dárúkọ rẹ̀, bí ẹni tó gbé oúnjẹ fún àlejò kì í ṣàlàyé pé òun fi iyọ̀ sí i. Àwọn oníkẹ́míkà bíi Kíákíá náà kì í bèèrè, torí lójú tiwọn, ohun tó wà nínú ìgò purotéènì ni purotéènì. Ẹ̀ṣọ́ sì rèé, imí-ọjọ́ ló fi ń rùn tó bẹ́ẹ̀. Bí purotéènì kan bá na ọwọ́ imí-ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ẹ̀ṣọ́ ti na tiwọn ṣáájú.

"Iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́," ni Bàbá Kékeré wí nígbà tí ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo ní kó wá imí-ọjọ́, ó wá a. Kò sí ọ̀kan tó fò. Ẹ̀yin lẹ ò lé àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kúrò."

Ó ṣì di etí apá kóòtù náà mú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ìgò yẹn ti ń bà mí lẹ́rù, ọmọ mi. Mi ò ríran dáadáa lọ́jọ́ tí mo ṣe é. Mo mọ̀, mi ò sì sọ."

Omi bọ́ lójú Kíákíá. Ó ní kí Bàbá Kékeré má bínú pé òun parọ́. Àgbà náà fi ọwọ́ gbá a lórí fẹ́ẹ́rẹ́.

"Má parọ́ fún mi mọ́ torí ojú mi. Imú mi ṣì wà."

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Yìnyín gbọ́, ó fọwọ́ lérí. Ó ní ṣé Kíákíá rò pé òun lè ju purotéènì sínú òtútù ní ìhòòhò ni. Kíákíá ní báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ nígbà tí kò sọ fún òun. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Ìyá Yìnyín fúnra rẹ̀ ló gbé apá tó kù wá, ó sì dúró tì í, súwẹ́tà méjì lọ́rùn.

Wọ́n kọ́kọ́ da purotéènì náà sórí iyẹ̀pẹ̀ funfun, kí Ẹ̀ṣọ́ lè ṣáko lọ sínú ihò, kí purotéènì sì jáde lóun nìkan. Láti ìṣẹ́jú tó bá ti jáde ni eré ti bẹ̀rẹ̀, torí purotéènì tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kò ní pẹ́ di ara rẹ̀ mú. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Kíákíá ni wọ́n ti ń sọ fún un pé sùúrù ni baba ìwà. Lọ́jọ́ yìí, ìkánjú ni wọ́n nílò, kò sì sí ẹni tó tún lè ṣe é bíi tirẹ̀. Alárinà ti wọlé kí Ìyá Yìnyín tó rántí láti mí.

Ó tún kan dídúró. Ó tún kan iyẹ̀pẹ̀ funfun. Kíákíá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu ọ̀pá gíláàsì náà. Ó rí i pé àwọ̀ náà pín. Díẹ̀ dúró sókè, èyí tó pọ̀ jù sì ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà láàárín funfun, ó pọ́n rúsúrúsú bí oòrùn tó fẹ́ wọ̀, kò yà síbì kan. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀pá, ó wúwo, ó sì bọ́ sínú ìgò.

Orí rẹ̀ wú. Ó mọ ìṣirò náà láti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n òun àti ìmọ̀ náà kò tíì pàdé lójúkojú bẹ́ẹ̀ rí. Purotéènì tó wà nínú ẹ̀kán kan yẹn pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tó ti gbé ilé ayé rí lọ. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Alárinà kan ti kọjá lára gbogbo ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, ó ti lọ di ibì kan náà mú. Kò sí ẹni tó tì í, kò sí ẹni tó fọ̀nà hàn án. Ọkùnrin kan tí kò rí ife tirẹ̀ dáadáa ló ṣe é. Ìyá Yìnyín náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó di ejìká Kíákíá mú.

Kíákíá fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín ju irun lọ fi díẹ̀ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àwo pẹlẹbẹ kan, èyí sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo láyé tí kò lè kánjú ṣe. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pe Bàbá Kékeré àti ìyàwó rẹ̀ nílé. Takisí ló gbé wọn wá, Ìyá Kékeré di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń ka àtẹ̀gùn fún un.

Yàrá maikirosikóòpù kò ní fèrèsé. Aṣọ dúdú bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń kùn lábẹ́lẹ̀. Kíákíá pa iná. Nínú òkùnkùn yẹn, gbogbo wọn di ọ̀kan náà, kò sí ẹni tó ríran ju ẹnìkejì lọ. Ó mú Bàbá Kékeré jókòó, ó fi orí rẹ̀ síbi tó yẹ, ojú ọ̀tún lẹ́nu awò. Ó rántí pé ojú náà kò lè rí ju ihò róbótó kan lọ, nǹkan kan sì yé e: ihò róbótó kan náà ni ènìyàn ń rí nínú maikirosikóòpù. Ó tan iná aró náà.

Bàbá Kékeré kò sọ nǹkan kan.

Kò mira. Ìka rẹ̀ wà létí tábìlì, kò gbéra. Kíákíá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde. Ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Bóyá òwúrọ̀ yẹn gan-an ni ìyókù ojú náà lọ, tí bàbá náà kò sì fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bóyá òkùnkùn ló ń wò, tó jókòó sí i nítorí tòun, kí òun má baà sunkún. Ó na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀ láti bèèrè.

"Èyí tó wà lápá òsì," ni Bàbá Kékeré wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ó ń bímọ."

Kíákíá kò gbọ́ ọ yé. Ó ti wo àwo náà kí wọ́n tó dé, kò sì rí ohun tó ń bímọ. Àgbà náà yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń fún ènìyàn láyè lórí bẹ́ǹṣì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tẹ́ sílẹ̀ nínú dúdú, okùn pupa tó ń tàn kún inú wọn láti àárín dé etí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lápá òsì ti kó ara rẹ̀ jọ, ó ti rí róbótó. Gbogbo okùn inú rẹ̀ ti kúrò ní àyè wọn, wọ́n ti pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n kọjú sí ara wọn, wọ́n sì ń fa ohun kan tí kò hàn láàárín, ìhà kan sọ́tùn-ún, ìhà kejì sósì. Kò sí ariwo kankan. Sẹ́ẹ̀lì kan ń di méjì, ohun tí gbogbo ẹ̀dá fi di ẹ̀dá nìyí, òun ló ń mú kí èékánná tún hù lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Ó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, gbogbo okùn rẹ̀ ló sì ń tàn, torí pé Alárinà wà lẹ́nu iṣẹ́, kò yẹ̀ba. Kíákíá tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere ti wò ó ṣáájú, kò rí i. Ó ti kánjú jù.

Ó gbé orí kúrò, ó dá ojú awò náà padà fún ẹni tó ni ín. Bàbá Kékeré tún fi ojú ọ̀tún rẹ̀ sí i.

Ìyá Kékeré, tó ti dúró sẹ́nu aṣọ dúdú láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, wá bi í bóyá ó ti rí i tó, torí takisí ń dúró dè wọ́n.

"Kò tíì tó," ni Bàbá Kékeré wí.

Kíákíá jáde lọ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ. Ó gbé àga kan bọ̀ fún Ìyá Kékeré, ó gbé òmíràn fún ara rẹ̀, wọ́n sì jókòó sínú òkùnkùn.